Ilẹ̀kùn Mọ́kànlá fún Màmá Sinkala

Ìyá Nkandu kò tíì bọ́jú nígbà tó fi èékánná họ ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ tó fara ti ògiri ẹ̀yìnkùlé, tí ọ̀dà sì bá èékánná rẹ̀ wá. Kò wá díẹ̀díẹ̀ rárá. Ó ká wá bí awọ tó máa ń dì lójú ẹ̀kọ gbígbóná, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Ó họ ìkejì, ìkejì náà ká. Ilẹ̀kùn mọ́kànlá ni òun àti Nkandu, ọmọ rẹ̀ obìnrin, fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kùn, aago mẹ́rin ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta yìí sì ni onílé ń bọ̀. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń wo èékánná rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni àtẹ̀jíṣẹ́ Màmá Sinkala, onílé wọn, wọlé sórí fóònù Bàbá Nkandu láti Ndola, ìlú tó ń gbé. Ohun tí ọkùnrin náà sọ fún ìyàwó rẹ̀ ni pé onílé ní kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná ti dúdú jù, pé kí wọ́n tún un ṣe kí òun tó wá wò ó. Ó wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ náà lóòótọ́. Ohun tí kò sọ ni gbólóhùn tó kẹ́yìn, pé onílé ń mú ẹnìkan bọ̀ tó fẹ́ gba ilé náà ní ìparí oṣù. Bàbá Nkandu kà á, ó tún un kà, ó sì fi fóònù sápò. Ó rò ó pé bí ilé ìdáná bá dán, bóyá onílé á yí ọkàn padà, bóyá kò ní sí ìdí tí ìyàwó òun á fi gbọ́ rárá. Mi ò ní pè é ní òpùrọ́. Ìbẹ̀rù ló ká a lẹ́nu kò, ọkùnrin tí ìbẹ̀rù bá sì ká lẹ́nu kò nílé onílé, èmi mọ̀ wọ́n tó ogún ní Mikomfwa, àdúgbò wa yìí, nìkan.

Torí ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Òrùlé yìí ti ń jò láti ọdún kẹta, onílé kò gbọ́. Páìpù ilé ìwẹ̀ bẹ́, kò gbọ́. Kọ́bọ́ọ̀dù dúdú, ó gbọ́ láti Ndola. Kí ló sì sọ kọ́bọ́ọ̀dù di dúdú? Iná ìjọba ń wá fún wákàtí mẹ́ta lóòjọ́, nígbà míì ní ọ̀gànjọ́ tí kò sí ẹni tó ń se nǹkan, ni àwọn èèyàn bá kó èédú sínú mbaula, ààrò onírin, wọ́n ń fi dáná. Bí òjò bá sì ń rọ̀, inú ilé ni mbaula ń wọ̀. Èéfín kì í bi ẹnikẹ́ni pé ta ló ni ògiri. Ẹni tó bá sì ń wá ilé ní ìlú Luanshya wa yìí lónìí, owó oṣù mẹ́ta ni wọn yóò kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó fi kọ́kọ́rọ́ hàn án. Bí wọ́n bá lé àwọn ará ilé yìí jáde, abúlé Ìyá Àgbà, ìyá Bàbá Nkandu, ní Mporokoso ni wọ́n ń lọ, ọ̀sẹ̀ méjì péré ló sì kù kí Nkandu jókòó ṣe ìdánwò àṣejáde ní ilé-ẹ̀kọ́ tó wà ní ìkángun òpópónà wọn. Ìyá Nkandu kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dé ibẹ̀. Ó kàn mọ̀ pé onílé tí inú ń bí kò ṣeé fi ṣeré.

“Bàbá Nkandu, ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ wa.”

Ọkọ rẹ̀ jáde pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín lẹ́nu. Ilé ìlọ àgbàdo ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ti tọrọ ààyè ọjọ́ kan. Ó wo ilẹ̀kùn, ó wo ìyàwó rẹ̀.

“Ọ̀dà yìí kò dáa,” ó ní.

“Ọ̀dà kò dáa? Ta ló ní kí n má ra ti olówó gọbọi?”

“Mo ní kí o ra èyí tó bá wa mu. Mi ò ní kí o ra omi ògì.”

“Ẹ kò ṣe bá mi lọ? Ẹ̀yin tí ẹ ti ń rìn kiri ilé bí ẹni tó gbé ẹyin mì láti Ọjọ́bọ̀.”

Bàbá Nkandu yára yíjú sí ẹnu ẹ̀rọ, ó ń fi omi yọ ẹnu. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí i, jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń bó ọ̀dùnkún. Kò gbójú sókè.

“Kí wọ́n kọ́kọ́ jẹun ná,” ó ní. “Ebi àti ìjà kì í gbénú ikùn kan náà.”

Lójú ọgbà ni Ìyá Chola, aládùúgbò wọn, ti yọrí. Obìnrin yìí kì í pẹ́ kó tó gbọ́ nǹkan.

“Ìyá Nkandu, ṣé kò sí o? Mo rí ilẹ̀kùn níta. Ṣé ẹ ń kó lọ ni?”

“Ta ló ń kó lọ? Ọ̀dà la ń kùn.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Torí mo gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé tíṣà kan ń wá ilé kiri àdúgbò yìí, wọ́n ní wọ́n ti bá a rí ọ̀kan. Mo ní kò lè jẹ́ tiyín ṣá.”

Ikọ́ gbé Bàbá Nkandu. “Ìyá Chola, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pe Bàbá Kapambwe. Ẹ ní ọ̀dà wa ń ṣí, kó wá wò ó.”

Bí èèyàn bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu aládùúgbò, kó rán an níṣẹ́. Ìyá Chola lọ tayọ̀tayọ̀.

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni Bàbá Kapambwe fi kun ilé àwọn awakùsà kí iléeṣẹ́ ìwakùsà tó dá a dúró. Ó ti darúgbó báyìí, orúnkún rẹ̀ ń dún bó bá ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀. Ó ká ọ̀dà díẹ̀ kúrò lójú ilẹ̀kùn, ó fi àtàǹpàkò ra igi tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó gbé àtàǹpàkò náà sí imú.

“Kí lẹ fi ń nu àwọn ilẹ̀kùn yìí?”

“Àkísà àti omi,” Ìyá Nkandu dáhùn.

“Omi kọ́ rèé.”

Ọ̀bẹ tí Ìyá Àgbà fi ń bó ọ̀dùnkún dúró. Ó gbé e sínú àwo, ó nu ọwọ́ sí aṣọ.

“Pọ́líìṣì ni,” ó ní. “Èyí tí mo fi ń dán ilẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí ẹ tó jí.”

“Láti ìgbà wo, Màmá?” Ìyá Nkandu bi í.

“Láti ìgbà tí a ti wọ ilé yìí.”

Ọdún mẹ́sàn-án nìyẹn. Nkandu tó ti fẹ́ rẹ́rìn-ín wo ojú ìyá rẹ̀, ó gbé ẹ̀rín mì. Lọ́dọ̀ wa níbí, ilẹ̀ tí kò bá dán, wọ́n á ní ilé náà kò ní obìnrin. Pọ́líìṣì la fi ń kí àlejò kí a tó fẹnu kí i. Àmọ́ ilẹ̀ là ń fi í dán, Ìyá Àgbà sì ti rò ó pé ohun tó dára fún ilẹ̀ yóò dára fún igi.

“Ọ̀dà kì í lẹ̀ mọ́ ọ̀rá,” Bàbá Kapambwe ṣàlàyé jẹ́jẹ́. “Bí ẹ bá kun un lẹ́ẹ̀mẹwàá, ẹ̀ẹ̀mẹwàá ló máa ṣí. Ọ̀dà yín kò ní ẹ̀bi kankan. Kẹrosíìnì ni kí ẹ kọ́kọ́ fi yọ pọ́líìṣì náà.”

Ìyá Nkandu dìde. “Màmá, kí lẹ ò fọwọ́ kàn rí nínú ilé yìí? Ìkòkò mi, ẹ ní mi ò mọ̀ ọ́n fọ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ẹ da òróró sí i títí ó fi ba aṣọ oníbàárà jẹ́. Ilẹ̀kùn nìkan ni mo rò pé ó bọ́ lọ́wọ́ yín.”

“Ìyá Nkandu,” ọkọ rẹ̀ pè é.

“Ẹ má pè mí. Ẹ̀yin náà ẹ sọ nǹkan kan fún wọn lónìí.”

Ọkùnrin tó wà láàárín ìyá àti ìyàwó, tó tún gbé ọ̀rọ̀ tó tóbi ju tàwọn méjèèjì lọ pamọ́ sápò, kí ló fẹ́ sọ? Ìyá Àgbà dìde, ó wọlé lọ, wọ́n sì gbọ́ tí ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ pa dé. Ìyá Nkandu gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ṣì ń dún létí rẹ̀, kò sì dùn mọ́ ọn.

Kò pẹ́ tí Ìyá Àgbà tún jáde. Ó ti wọ aṣọ oko, ó so gèlè mọ́rí dáadáa. Ó fa àpótí kan sábẹ́ igi máńgòrò, ó gbé ilẹ̀kùn kan lé itan, ó na ọwọ́.

“Ta ni kẹrosíìnì wà lọ́wọ́ rẹ̀? Èmi ni mo fi pọ́líìṣì sí i, èmi ni màá yọ ọ́.”

Báyìí ni iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀. Aago mẹ́sàn-án ni omi ẹ̀rọ máa ń lọ, nítorí náà Nkandu kún gbogbo ohun tó lè gba omi nínú ilé, títí kan ìkòkò ìsebẹ̀. Bàbá Nkandu ń fi ọ̀bẹ tó kú fá ọ̀dà àná kúrò. Ìyá Àgbà ń fi àkísà tó rin fún kẹrosíìnì nu pọ́líìṣì pupa náà, àkísà ń pọ́n, ó ń jù ú nù, ó ń mú òmíràn. Ìyá Nkandu ń fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ ọ̀rá tó kù. Bàbá Kapambwe jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó ń pàṣẹ bí ẹni tí wọ́n dá iṣẹ́ rẹ̀ padà fún.

“Ẹ wọ́n omi tó mọ́ sí i,” ó ní. “Bí omi bá ṣù jọ róbótó róbótó, pọ́líìṣì ṣì wà níbẹ̀. Bó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ti mọ́.”

Wọ́n wọ́n omi sí ti àkọ́kọ́. Omi ṣù jọ. Ìyá Àgbà gbà á padà. Ó nu ún, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n wọ́n omi. Omi tún ṣù jọ níbi igun. Nígbà kẹta, omi tẹ́ lójú igi láti etí dé etí, gbogbo wọn sì tẹ̀ síwájú wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọ tuntun. “Ọ̀kan rèé,” Bàbá Kapambwe ní. “Ó ku mẹ́wàá.”

Oòrùn oṣù Kẹwàá kò ní àánú, ṣùgbọ́n ó wúlò lọ́jọ́ náà. Ilẹ̀kùn tí wọ́n bá tò sórí búlọ́ọ̀kù kì í pẹ́ kó tó gbẹ. Nkandu ń fi sánpépà ha wọ́n, eruku ń bo irun rẹ̀, ó sì ń ka ìwé ìmọ̀ ìṣẹ̀dá tó ṣí kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàbá Kapambwe ní kí ó ha gígùn igi, kó má ha ìbú rẹ̀. Ó ní bó bá ha ìbú, àpá rẹ̀ yóò hàn lábẹ́ ọ̀dà títí ayé, ẹni tó bá mọṣẹ́ yóò sì mọ̀ pé aláìmọ̀kan ló ṣe é.

“Bàbá, ta ló máa wá wò ó débi ìyẹn?”

“Èmi,” ni bàbá àgbàlagbà náà dáhùn.

Nígbà tí oòrùn kàn wọ́n lórí tán, Ìyá Nkandu ro nshima, òkèlè àgbàdo, ó din kapenta, ẹja wẹ́wẹ́, pẹ̀lú tòmátì. Wọ́n jókòó yí àwo ká lábẹ́ igi. Ìyá Àgbà kò na ọwọ́. Ó ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kẹrosíìnì kò kúrò, awọ ìka rẹ̀ sì ti bó láwọn ibì kan.

“Ẹ jẹun, Màmá.”

“Òórùn ọwọ́ mi á ba oúnjẹ jẹ́. Ẹ máa jẹ, mo ń bọ̀.”

Ìyá Nkandu wo àwọn ìka náà. Ó wò wọ́n pẹ́. Ó bu nshima, ó ṣù ú, ó fi kan ọbẹ̀, ó sì gbé e sẹ́nu ìyá ọkọ rẹ̀. Ìyá Àgbà kọ́kọ́ yí orí bí ọmọdé, ó wá la ẹnu. Ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì. Ìyá Nkandu ṣù òmíràn.

“Nígbà tí mo dé láti abúlé,” Ìyá Àgbà ní, “mi ò mọ ohun kan nínú ilé yìí. Sítóòfù ń bà mí lẹ́rù. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ ń bà mí lẹ́rù. Pọ́líìṣì nìkan ni mo mọ̀. Mo ní kí wọ́n má wí pé ìyá Evaristo ọkọ rẹ kàn jókòó ń jẹun lásán.”

“Ta ló wí bẹ́ẹ̀?”

“Kò sí ẹni tó wí i. Èmi ni mo ń gbọ́ ọ.”

“Ẹ la ẹnu, Màmá,” Ìyá Nkandu ní. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. Bàbá Nkandu ń wo àwọn méjèèjì. Bó bá jẹ́ pé ó ti sọ̀rọ̀ nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ ì bá rọrùn fún un. Ó mu omi dípò rẹ̀.

Nígbà tí aago mẹ́ta lù, gbogbo ilẹ̀kùn ti gba ọ̀dà àkọ́kọ́, ó sì lẹ̀. Nkandu fi èékánná họ ọ̀kan níkọ̀kọ̀, kò ṣí. Mẹ́fà ti gba ọ̀dà kejì, wọ́n sì ti gbé mẹ́rin nínú wọn kọ́ padà sókè síńkì. Ilé ìdáná mọ́lẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ṣí fèrèsé tuntun sí i. Ìyá Nkandu dúró láàárín rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀. Ó ní, “Màmá, ẹ wá wo ilé wa.”

Ìgbà náà ni ọkọ̀ dúró lẹ́nu géètì. Aago mẹ́rin kò tíì lù.

Màmá Sinkala sọ̀kalẹ̀, ó ń fi páálí fẹ́ ara rẹ̀. Mi ò ní í bà á jẹ́ ju bó ti yẹ lọ. Opó ni, owó ilé yìí ló fi ń ra oògùn ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀rù ọ̀la sì ń ba òun náà. Tọkọtaya kan bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó ní pẹ́ẹ̀nì méjì lápò. Ìyàwó, ọmọ kékeré kan báyìí tí wọ́n ń pè ní Chitalu, gbé oyún tó ti tó oṣù méje.

“Ẹ kú iṣẹ́ o,” Màmá Sinkala ní. “Tíṣà, ẹ wọlé wá wò ó. Mo sọ fún yín pé ilé ìdáná rẹ̀ kò ní àléébù.”

Ìyá Nkandu gbọ́ ‘Tíṣà’. Ó wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń wo búlọ́ọ̀kù tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Tíṣà wọlé, ó ṣí ilẹ̀kùn kan, ó pa á dé, ó tún ṣí i. “Ó dáa púpọ̀, Màmá. Ìparí oṣù yìí lẹ wí, àbí?”

“Ìparí oṣù. Wọ́n á ti kó.”

Àkísà bọ́ lọ́wọ́ Nkandu, kò sì bẹ̀rẹ̀ mú un. Bàbá Kapambwe ṣí fìlà, ó tún dé e. Ojú lọ̀rọ̀ wà, lọ́jọ́ náà ojú gbogbo wọn wà nílẹ̀, àfi ti Ìyá Nkandu, tí kò kúrò lára ọkọ rẹ̀.

Chitalu kò tíì wọlé. Àárín àwọn ilẹ̀kùn tó wà lórí búlọ́ọ̀kù ló dúró sí, ó ń wo ọwọ́ Ìyá Àgbà.

“Màmá, ẹ̀yin lẹ ṣe gbogbo èyí lónìí?”

“Àwa ni, ọmọ mi. Láti àárọ̀.”

“Ẹ sì ń kó lọ ní ìparí oṣù?”

Ìyá Nkandu ló dáhùn. “Bí o ṣe ń gbọ́ ọ yìí làwa náà ń gbọ́ ọ.”

Ọmọbìnrin náà wá wọ ilé ìdáná, ó tẹ orúnkún sílẹ̀ díẹ̀ níwájú Màmá Sinkala bí ọmọ tí wọ́n kọ́, pẹ̀lú oyún tó wà nínú rẹ̀.

“Màmá, ẹ má bínú. Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Bí èmi náà bá dé ibí, tí mo tún yàrá ṣe, tí mo gbin òdòdó síwájú ilé, tó wá dáa gan-an, ìgbà wo lẹ máa mú ẹlòmíràn wá wò ó?”

“Chitalu,” ọkọ rẹ̀ ní.

“Ìbéèrè ni mo bi wọ́n. Mo fẹ́ mọ̀ kí n tó bímọ síbẹ̀.”

Màmá Sinkala ṣí báàgì rẹ̀, ó wá nǹkan kan nínú rẹ̀, kò rí i, ó tún pa á dé. Ó na ọwọ́ di etí kọ́bọ́ọ̀dù mú, ọ̀dà sì lẹ̀ mọ́ ìka rẹ̀, torí kò tíì gbẹ tán. Ó wo ìka náà fúngbà díẹ̀.

“Mi ò tíì gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni,” ó ní, ó sì yíjú sí Ìyá Nkandu. “Ọmọ yín yìí, ìgbà wo ló ń parí ìdánwò?”

“Ìparí oṣù tó ń bọ̀, Màmá.”

“Ẹ jẹ́ kó parí rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, a óò sọ̀rọ̀.”

Ó jáde. Tíṣà tẹ̀lé e, ó ń bẹ̀bẹ̀ nítorí ìbéèrè ìyàwó rẹ̀. Chitalu dúró láti kí olúkúlùkù wọn kó tó lọ. Nígbà tí ọkọ̀ ti yà lókè òpópónà, Ìyá Chola tó ti wà lójú ọgbà láti ìbẹ̀rẹ̀ la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ó wo ojú Ìyá Nkandu, ó sì padà sí ìdí aṣọ tó ń sá.

“Ẹ mọ̀?” Ìyá Nkandu bi ọkọ rẹ̀.

“Mo mọ̀.”

“Láti ìgbà wo?”

“Ọjọ́bọ̀.”

Bàbá Nkandu retí kí ìyàwó rẹ̀ bú òun. Ó ti múra sílẹ̀ fún ìyẹn, kódà ó ti ní ohun tó fẹ́ fi dáhùn. Ó wo ìyá rẹ̀ bóyá ìyẹn yóò gbà á sílẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ti sún jókòó sórí ẹní kan, ó sì fọwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ fún Ìyá Nkandu kó wá jókòó. Ìyá Nkandu kọ́kọ́ lọ sídìí agolo ọ̀dà. Ó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́, ó nù ún létí agolo kó má baà kán, ó sì nà án sí ọkọ rẹ̀.

“Ilẹ̀kùn márùn-ún kò tíì gba ìkejì,” ó ní.

Bàbá Nkandu gbà á, ó bẹ̀rẹ̀ sídìí àkọ́kọ́. Ìyàwó rẹ̀ lọ jókòó ti ìyá ọkọ rẹ̀ lórí ẹní, Nkandu sì fi orí lé itan Ìyá Àgbà. Gbogbo wọn ń wò ó. Ó kun márààrún títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sì sí ẹni tó ràn án lọ́wọ́.